Orin Tí Opó Kọ Nínú Tákàbà

Agboolé Kàsímù,
Ẹ̀yìn Iga Ìdúngànràn,
Ìsàlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹwàá, 2024.

Haleem ọmọ mi,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run máa bá ọ gbé níbi tí o wà. Ṣé ara ń le? Ṣé òtútù Manchester kò tíì bẹ̀rẹ̀? Taslimah àbúrò rẹ ń kí ọ. Mariyah ọmọ rẹ̀ ti ń rákòrò, kò sí ohun tó rí nílẹ̀ tí kì í fi sẹ́nu.

Má ṣe rò pé fóònù mi bàjẹ́ ni mo ṣe ń kọ ìwé. Ohùn mi kò tún ní wọ inú fóònù rẹ mọ́ títí n ó fi mọ ohun tí o fi èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ ṣe. Bilqis, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó máa ń lọ ra bàtà ní London, ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Mo lẹ̀ ẹ́ pa, mo sì kọ orúkọ mi sórí ibi tí mo ti lẹ̀ ẹ́. Bí o bá rí i pé orúkọ náà ti ya, kí o sọ fún mi.

Ọ̀rọ̀ náà rèé. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ nígbà tí Mọ̀núrù àbúrò bàbá rẹ kan ilẹ̀kùn yàrá mi. O mọ̀ pé òun ni dáwódù ilé yìí láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú. Kì í wá sí yàrá mi. Ó jókòó kí n tó ní kó jókòó, ó yọ fóònù jáde, ó ní, "Ìyá Haleem, ẹ bá mi gbọ́ orin kan." Ariwo gìtá ló kọ́kọ́ jáde, bí ìgbà tí wọ́n ń já irin sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrù ní Apọ́ngbọ̀n. Ó ní orin rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pè é, pé ọmọ mi ló ń ta gìtá yẹn. Kí n tó ráyè ṣàdúà fún ọ, ohùn obìnrin kan wọlé sáàárín ariwo náà. Èmi ni, Haleem. Ohùn mi ni.

Ó ń wò mí títí orin náà fi parí. Ó ní, "Ohùn yín mà dùn o. A ò mọ̀ rí pé ẹ lóhùn báyìí. Ọjọ́ wo lẹ kọ ọ́?" Mo ní n kò rántí. Ó rẹ́rìn-ín, ó dìde, ó wo ògiri yàrá mi yíká bí ẹni tó fẹ́ kùn ún lọ́dà. Láti ọjọ́ náà ni inú mi kò ti balẹ̀.

Ta ló fún ọ ní ohùn mi? Kí ni orin yẹn ń sọ lédè òyìnbó? Kí lo sì sọ fún wọn nípa mi? Dá mi lóhùn, má sì fi nǹkan kan pamọ́, nítorí mo ti mọ̀ ọ́ kí o tó mọ irọ́ pa.

Èmi ìyá rẹ,
Hàwáwù Àyìnkẹ́.


Manchester,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹwàá, 2024.

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti òkèèrè. Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Orúkọ yín kò ya lẹ́yìn lẹ́tà náà. Mo tẹ èsì yìí, mo fi ránṣẹ́ sí fóònù Taslimah kó bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé fún yín.

Màámi, ẹ máà bínú sí Taslimah, òun ló gba ohùn yín sílẹ̀. Ẹ mọ̀ pé n kò lè wálé sin bàbá mi, nítorí ìwé ìgbélùú mi wà lọ́dọ̀ ìjọba ibí. Bí mo bá jáde, wọn kò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́. Ojoojúmọ́ ni mo ń sunkún sí Taslimah létí. Ìyẹn ló ṣe gba orin tí ẹ ń kọ sílẹ̀ láìsọ fún yín, tó ní kí n máa fi tu ara mi nínú. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti máa ń gbọ́ ọ tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ kan mo mú gìtá, mo ń wá ohùn tó bá a lọ. Nígbà tí àwọn mẹ́ta tí a jọ ń ṣe ẹgbẹ́ olórin gbọ́ ọ, wọ́n gbé ohun èlò wọn sílẹ̀, wọ́n yí mi ká. Ayọ̀bámi tó ń lùlù fún wa ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní, "Haleem, orin dé nìyí."

A pè é ní "Màmá Ò Jáde". Ohun tí mo ń sọ ní Gẹ̀ẹ́sì ni pé obìnrin kan jókòó nínú yàrá fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, ó ń ṣe tákàbà ọkọ rẹ̀, ayé ń kọjá lójú fèrèsé. Àwọn òyìnbó kò mọ tákàbà. Èmi ni mo ṣàlàyé fún wọn pé opó wa kì í lé tìróò, kì í wọ ohun ẹ̀ṣọ́, kì í jáde ṣeré, títí ọjọ́ náà yóò fi pé.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí àwọn tó ń ṣe àríwísí orin nínú ìwé ìròyìn kọ. Ọ̀kan ní ó ti pẹ́ tí òun ti gbọ́ orin rọ́ọ̀kì tó bínú sí Ọlọ́run tó báyìí. N kò bínú sí Ọlọ́run o, Màámi, bí wọ́n ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Òmíràn ní ohùn yín ló dára jù nínú rẹ̀, pé ó yẹ kí gbogbo gìtá dákẹ́ fún un. Ọ̀gbẹ́ni kan tí ẹnu rẹ̀ mú ní obìnrin tí òun ń gbọ́ kò ṣọ̀fọ̀ rárá, pé bí ẹni tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ló ṣe ń kọrin. Mo rẹ́rìn-ín ni. Kí ló mọ̀ nípa opó Ìsàlẹ̀ Èkó? Wọ́n ti fi orin wa sára mẹ́wàá tí wọn yóò ti yan orin ọdún.

Wọ́n bi mí bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo ní ìyá mi ló kọ ọ́, ní ọjọ́ kẹtàlélógún tí bàbá mi kú, òun nìkan nínú yàrá, àti pé a kò gé nǹkan kan kúrò nínú ohùn rẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn irú ìtàn bẹ́ẹ̀ púpọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, Màámi, ẹ gbé fóònù tí mo bá pè. Ó ń ṣe mí bíi pé mo ṣẹ̀ yín, n kò sì mọ ohun tí mo ṣe.

Ọmọ yín,
Haleem.


Ìsàlẹ̀ Èkó,
Ọjọ́ kẹta, oṣù kọkànlá, 2024.

Haleem,

Ẹ kú iṣẹ́ níbẹ̀ o. Ọjọ́ kẹtàlélógún! O bá mi ka ọjọ́, o sì kà á fún gbogbo ayé gbọ́.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí o ṣe fún ọ, nítorí ó dà bíi pé òtútù ti gbé àṣà ilé kúrò lórí rẹ. Opó tó wà nínú tákàbà, tí a kò tíì ṣe àdúà ogójì ọjọ́ ọkọ rẹ̀, kì í kọrin. Tí ó bá kọ ọ́, ará ilé á béèrè ohun tó ń dùn mọ́ ọn. Tí wọ́n bá ti béèrè ìyẹn, wọ́n á béèrè ohun tó pa ọkọ. O kò gbọ́ irú rẹ̀ rí? Nínú agboolé yìí lo ti wá.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Olúbùnmi, tó ń kọ ìròyìn ní Onikan, ti tú gbogbo àlàyé rẹ sí Yorùbá, ó sì fi ọ̀rọ̀ ọ̀gbẹ́ni ẹlẹ́nu mímú yẹn ṣe àkọlé: "Opó tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún". Mọ̀núrù ti fi í sí fóònù gbogbo ẹbí, títí dé àwọn tó wà ní Jẹ́dà. Bí mo bá bọ́ sí àgbàlá lọ fọ abọ́, ọ̀rọ̀ á dáwọ́ dúró. Àná, ó bi mí níwájú àwọn ìyàwó ilé pé, "Ìyá Haleem, oúnjẹ ta ni Ẹ̀gbọ́n jẹ kẹ́yìn?" Ó rọra béèrè ni o, bí ẹni tó ń béèrè iyọ̀.

Mo mọ ohun tó ń wá. Yàrá mi ló kọjú sí títì. Láti ọjọ́ tí bàbá rẹ ti kú ni Mọ̀núrù ti ń sọ pé ṣọ́ọ̀bù yóò dára níbẹ̀. Kò lè lé opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láìnídìí, ìwọ lo wá fún un ní ìdí. Ó ní òun yóò pe ìpàdé ẹbí, pé ilé bàbá wọn kò gba opó tó ń yọ̀, kí n padà sí Ìjẹ̀bú tí wọ́n ti fẹ́ mi wá. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi gbé ilé yìí. Ta ló kù tó mọ̀ mí ní Ìjẹ̀bú? Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ìwọ lo sọ ọ́, èmi ló bà.

Taslimah ní òun yóò jẹ́rìí, wọ́n ní ọmọ kì í jẹ́rìí gbe ìyá rẹ̀. Fóònù tó fi gbà á sílẹ̀, wọ́n ti já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Apọ́ngbọ̀n nínú Ramadan. Ìwọ nìkan ni orin náà kù sí lọ́wọ́, látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kó tó di pé ẹ da gìtá lé e. Mariyah ni mo ń kọrin fún! Ọjọ́ kejì ìsọmọlórúkọ rẹ̀ ni. Ó ń ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa. Níbo ni igbe ọmọ yẹn wà nínú orin yín? Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí n kò ní kọ sílẹ̀, nítorí Taslimah kọ́ ló ń tẹ lẹ́tà rẹ jáde, ọmọkùnrin onítẹ̀wé kan ni, n kò sì mọ ẹni tí òun náà ń bá sọ̀rọ̀. Wá a, kí o fi ránṣẹ́ sí fóònù Bilqis. Má fi sí ti ẹlòmíràn.

Àwọn kan ní ìwọ àti Mọ̀núrù ń bá ara yín sọ̀rọ̀. N kò gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ.

Ẹni tó ní kí gìtá dákẹ́ yẹn, tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ sí mi bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Kì í ṣe nítorí nǹkan kan.

Ìyá rẹ.


Manchester,
Ọgbọ̀njọ́, oṣù kọkànlá, 2024.

Màámi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ máà bínú pé èsì yìí pẹ́. Iṣẹ́ pọ̀, a sì ń káàkiri ṣeré.

Mo ti ń wá orin náà. Kọ̀ǹpútà tí mo fi ṣe é tẹ́lẹ̀ kò tan mọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé apá tí a lò nìkan ló kù. N ó tún wá a.

Òótọ́ ni pé Bàbá Mọ̀núrù pè mí, ẹ̀ẹ̀mejì. Wọ́n kí mi dáadáa, wọ́n ní orin náà dùn mọ́ àwọn. Wọ́n ní kò sí ẹni tó fẹ́ lé yín, àlàyé lásán ni ẹbí fẹ́ gbọ́. N kò fura sí yín o, Màámi, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti ń béèrè, ṣé kò ní dáa kí ẹ kàn dáhùn? Kí ni bàbá mi jẹ ní alẹ́ yẹn?

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n tún kọ rèé: "Nígbà tí ìyá náà lanu, gìtá mẹ́ta di ariwo àlejò nínú ilé onílé."

Haleem.


Ìsàlẹ̀ Èkó,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kejìlá, 2024.

Haleem,

N kò kí ọ.

Ẹ̀kọ ni bàbá rẹ jẹ, ó fi mọ́ínmọ́ín jẹ ẹ́. Mo jẹ nínú rẹ̀. Taslimah jẹ nínú rẹ̀, tòun ti oyún nínú. Ilé Mọ̀núrù ni mọ́ínmọ́ín náà sì ti wá, ìyàwó rẹ̀ ló sè é. Ṣé o rí mi kí n máa béèrè ohun tó wà nínú ewé rẹ̀? Ọdún mẹ́fà ni dókítà fi ń kìlọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru fún bàbá rẹ, tó ń fi oògùn pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí tó ń sọ fún mi pé òun ti lò ó. Ìwọ gan-an lo máa ń pè láti ibẹ̀ pé kó lò ó. Mo rò pé àjèjì ló máa kọ́kọ́ bi mí ní ìbéèrè yẹn, n kò mọ̀ pé ọmọ mi ni.

Bilqis ka gbogbo ohun tí o sọ fún àwọn oníwèé ìròyìn fún mi. O ní èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá. O ní ẹ kò gé nǹkan kan. Ta ló ń dá wà nínú ilé tí ọmọ tuntun wà? Mo wá jókòó, mo rò ó. Kọ̀ǹpútà rẹ kò bàjẹ́, Haleem. Orin náà wà lọ́wọ́ rẹ. Tí ayé bá gbọ́ igbe Mariyah, wọ́n á mọ̀ pé o purọ́, wọ́n á yọ orúkọ yín kúrò lára mẹ́wàá yẹn. Ohun tí o ń ṣọ́ nìyẹn. Mo fẹ́ kí n jẹ́ òpùrọ́ lórí èyí, kí o bú mi pé mo fura sí ọ lásán.

Ìpàdé náà di ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlá oṣù tó ń bọ̀. Alfa yóò wà níbẹ̀. Mọ̀núrù ti mú ẹni tó ń kọ́lé wá wọn yàrá mi láti ìta. Mo dúró lójú fèrèsé, mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń na okùn.

Hàwáwù.


Manchester,
Ọjọ́ kejì, oṣù kìíní, 2025.

Màámi mi,

Mo kúnlẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, mo fi orí kanlẹ̀. Ẹ kò fura lásán. Orin náà wà lọ́wọ́ mi látìgbà náà, kọ̀ǹpútà kankan kò bàjẹ́. Mo purọ́ fún yín nítorí mo ti kọ́kọ́ purọ́ fún wọn. Ohun tí mo ń ṣọ́ gan-an lẹ sọ, ojú sì ti ń tì mí láti ọjọ́ tí lẹ́tà yín ti dé.

Ìṣẹ́jú mẹ́fà ni orin náà. Mariyah ló ń ké níbẹ̀rẹ̀. Ohun mìíràn tí ẹ kò fẹ́ kọ sílẹ̀, mo gbọ́ ọ. Nígbà tí Taslimah fi í ránṣẹ́ sí mi, mo máa ń fo ibẹ̀ kọjá ni, n kò tẹ́tí sí i rí. Lọ́jọ́ tí lẹ́tà yín dé ni mo tẹ́tí sí i, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ mo sì fọwọ́ gbá orí. Mo ti fi í ránṣẹ́ sí fóònù Bilqis, ti Bilqis nìkan.

Mo kọ̀wé sí ìwé ìròyìn náà pé irọ́ ni mo pa, pé ọmọ ọwọ́ kan ni ìyá mi ń rẹ̀ lẹ́kún, tí mo sì yọ ọmọ náà kúrò. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Wọ́n ti yọ wá kúrò lára mẹ́wàá. Ẹni tó ní orin wa bínú sí Ọlọ́run wá ń sọ pé oníjìbìtì ni mí. Ayọ̀bámi kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, ó ní òun kò mọ̀ pé irọ́ ni mo fi ń ta ohùn ìyá mi. Mo gbà á fún un.

Màámi, nǹkan kan wà tí mo fẹ́ bi yín, kì í ṣe fún ẹbí. Mariyah sùn ní ìṣẹ́jú kẹrin. Mo gbọ́ bó ṣe ń mí. Ẹ kò dákẹ́. Ẹ kọrin fún ìṣẹ́jú méjì sí i, ohùn yín sì tún ròkè. Ìṣẹ́jú méjì yẹn ló wà nínú orin wa, òun ló dùn jù. Èyí tí mo fi ránṣẹ́ sí Bilqis, mo gé e síbi tí ọmọ ti sùn, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ ìyókù gẹ́gẹ́ bí ó ṣe rí. Mo ti gbọ́ ọ ní àìmọye ìgbà, n kò sì mọ ohun tí mo ń gbọ́ mọ́. Ta lẹ ń kọ ọ́ fún?

Ọmọ yín,
Haleem.


Ìsàlẹ̀ Èkó,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kìíní, 2025.

Haleem ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun? Bilqis ní o rù nínú àwòrán. Mo fi ẹ̀gúsí àti ata gígún rán an, má pín in fún àwọn tó pè ọ́ ní oníjìbìtì.

Wọ́n ṣe ìpàdé náà ní pálọ̀ bàbá rẹ, lẹ́yìn ìrun Àṣárì. Mọ̀núrù ti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé. Ó kà á dé ibi tí ó ti ní, "Èwo ni ká gbọ́ ohùn obìnrin kó máa dún nínú ilé tí òkú rẹ̀ ṣì tutù?" Bilqis bá ní kí Alfa jọ̀ọ́ fún òun láyè kékeré. Ó tan fóònù, ó gbé e sórí tábìlì.

Igbe Mariyah ló kún pálọ̀. Ìyá rẹ̀ ń ṣe "ó tó, ó tó". Rédíò kan ń sọ ìròyìn níwájú. Lẹ́yìn náà ni ohùn ọkùnrin kan la gbogbo rẹ̀ kọjá: "Ìyá Haleem! Ẹ kọrin fún ọmọ yìí jàre, ẹ jẹ́ n gbọ́ ìròyìn! Ṣé ẹ ò mọ orin kankan ni?" Ìgbà yẹn ni mo tó bẹ̀rẹ̀.

Ìyàwó Mọ̀núrù ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ìborùn bo ẹnu. Ó ní, "Bàbá Afusat, ẹ̀yin nìyẹn ná." Mọ̀núrù ní kì í ṣe ohùn òun. Alfa ní, "Alhaji, ojoojúmọ́ lẹ ń fi ohùn yìí bá mi jà lórí gbohùngbohùn mọ́sálásí, n kò ní mọ̀ ọ́n ni?" Gbogbo pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Alfa wá ní opó tí dáwódù ilé fẹnu ara rẹ̀ ní kó rẹ ọmọ lẹ́kún kò jẹ̀bi ẹnikẹ́ni, pé kí ẹnikẹ́ni má mẹ́nu ba yàrá mi mọ́. Wọ́n fàtíhà sí i. O máa bi mí pé kí ló dé tí n kò ti sọ ọ́ látilẹ̀. Ta ni ì bá gbà mí gbọ́? Ọ̀rọ̀ dáwódù àti ọ̀rọ̀ opó, o mọ èyí tí wọ́n máa gbé.

Mọ̀núrù kò tíì jẹ́ kó tán. Nígbà tí a ń dìde, ó bi Bilqis pé, "Ibi tó dúró sí yẹn, ṣé ibẹ̀ náà ló parí sí?" Bilqis ní ibi tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun dé nìyẹn. Ó wò mí, mo wò ó. Ẹni burúkú ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òmùgọ̀. Ìwọ náà, ta ló kọ́ ọ ní gígé nǹkan báyìí? O gé mi fún òyìnbó, o tún gé mi fún ẹbí. Mo dúpẹ́ lórí èkejì.

Mo ti ya lẹ́tà yìí lẹ́ẹ̀mejì nítorí ìbéèrè rẹ.

Nígbà tí Mariyah sùn, mo mọ̀ pé ó ti sùn, ọwọ́ mi ló sùn sí. Kí n tó wọ ilé bàbá rẹ, èmi ni mo máa ń lé orin wákà fún àwọn obìnrin àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú. Wọ́n máa ń ti ìlú mìíràn wá bẹ̀ mí bí ìsọmọlórúkọ bá wà. Ọ̀sẹ̀ tí mo wọlé ọkọ, bàbá rẹ pè mí jókòó, ó fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún mi pé ohùn mi ń kọjá ògiri, pé òun kò fẹ́ kí ọkùnrin mìíràn máa gbọ́ ọ. Kò nà mí, kò bú mi. Ọkọ dáadáa ni, ìwọ náà mọ̀. Mo kàn dákẹ́ ni, mo dákẹ́ títí ó fi kú. Ìwọ àti Taslimah, ẹ̀yìn ni mo ń fọwọ́ gbá fún yín tí ẹ fi ń sùn. N kò kọrin fún yín rí.

Lọ́jọ́ yẹn, Mọ̀núrù ní kí n kọrin, mo sì kọ ọ́. Nígbà tí ọmọ sùn, mo dúró díẹ̀, mo ń retí ẹni tí yóò ní kí n dákẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀. Mo sunkún bàbá rẹ ní àárọ̀ ọjọ́ náà, mo tún sunkún rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Mọ̀gáríbì, kò sì sí ẹ̀tàn nínú omijé náà. Ṣùgbọ́n fún ìṣẹ́jú méjì yẹn, inú mi dùn. Inú mi dùn gan-an ni, Haleem. Ara mi ni mo ń kọ ọ́ fún.

N kò fi gọ́ọ̀mù lẹ lẹ́tà yìí, mo fi òwú rán an pa ni. Tí o bá kà á tán, dáná sun ún. Má sì fi ṣe orin.

Ìyá rẹ,
Hàwáwù Àyìnkẹ́.